Àgbélébùú Inú Awò Ìbọn Bàbá Elkanah

Bí ẹ̀rọ ìránṣọ yín bá dédé ń ké bí ọmọ tí wọ́n gba ọyàn lẹ́nu rẹ̀, ọ̀dọ̀ Bàbá Elkanah ni gbogbo aránṣọ Kétu máa ní kí ẹ gbé e lọ. Elkanah Ọdẹ́sànyà ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ọkọ Jọkẹ́, bàbá Démiládé. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi ní òpópónà Ìkòsí. Èmi ń ránṣọ, òun ń tún ẹ̀rọ tí a fi ń rán an ṣe, nítorí náà bí mo bá bínú sí i lónìí, mo gbọ́dọ̀ yọ́nú sí i kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Mo máa ń bínú sí i dáadáa o. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ojú mi rí lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ní ọdún tí omi ya wọ ilé ní ẹ̀yìn Mile 12, mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí títí di òní.

Orúkọ yẹn, Ọdẹ́sànyà, kì í ṣe orúkọ lásán. Ọdẹ ni bàbá tó bí i, ọdẹ sì ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Òun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ló ti ń jẹun, tí wọ́n sì ń pè é ní Bàbá Ìjọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kò fi ìbọn sílẹ̀. Ìbọn atẹ́gùn ni tirẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ Èkó ń pè ní air gun. Ẹ ó ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ kí ó lè kó agbára jọ, ẹ ó ki ọta kan tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà sí i, kò ní ẹ̀tù, kò sì ní èéfín. Ìwé àṣẹ rẹ̀ pé. Ní Sátidé tí iṣẹ́ bá dẹ̀, ó máa ń gba ọ̀nà Agbóyì lọ sí etí àbàtà, àdàbà àti àparò ló sì máa ń gbé bọ̀. Jọkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló máa ń sè é, èmi náà sì máa ń jẹ níbẹ̀, mi ò ní purọ́.

Nígbà tó yá, mo rí i pé kò lọ sí Agbóyì mọ́. Bí mo bá bèèrè, á ní iṣẹ́ pọ̀, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ibi abẹ́rẹ́ ni mo ti wá mú un. Ẹni tó bá tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe gbọ́dọ̀ kó òwú sí i, kó sì fi rán aṣọ díẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ó ti dáa. Bàbá Elkanah wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí.

"Folúkẹ́, wá kó òwú sí èyí. Jẹ́ kí n wò ó bóyá ọwọ́ rẹ ṣì yá."

Lákọ̀ọ́kọ́, orí mi wú. Mo rò pé iṣẹ́ mi ló ń yìn. Nígbà tó di ohun tí ó ń ṣe ní gbogbo ìgbà, ó sú mi. Ní ọjọ́ kan tí aṣọ ìyàwó wà lórí ẹ̀rọ mi, tí ẹni tó ni ín sì jókòó tì mí tó ń mí fìn-ìn, ó tún pè mí. Inú bí mi.

"Bàbá, mo ń ṣiṣẹ́ o! Ẹ̀yin náà ẹ kó o, ṣé ẹ ò lọ́wọ́ ni?"

Mo dìde, mo yọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti tọ́ òwú náà lá, ó gbé abẹ́rẹ́ sún mọ́ ojú, ó tún nà án jìnnà, òwú sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ihò kọjá ní gbogbo ìgbà. Ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Gbogbo ìbínú mi lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo wọlé, mo gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kó òwú sí i.

"Bí ìbọn náà ṣe rí nìyẹn," ó ní. "Ojú méjì ni ìbọn ní. Ọ̀kan wà nítòsí mi, ọ̀kan wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹyẹ ló ṣe ẹ̀kẹta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ dúró lórí ìlà kan. Ní báyìí, tí mo bá rí ẹyẹ, mi ò rí ojú ìbọn. Tí mo bá rí ojú ìbọn, ẹyẹ ti di kùrukùru."

"Ẹ lọ gba glass, Bàbá."

"Mo ti gbà á. Ó dáa fún Bíbélì. Kò ràn mí lọ́wọ́ lórí ẹyẹ." Ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀. "Folúkẹ́, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ojú ti ń kúrò ní ilé Ọdẹ́sànyà. Má sọ fún Jọkẹ́ o. Jọ̀ọ́."

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn, òun ló sì ń jẹ ẹ́ tán díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ẹran ìgbẹ́ ló ń wù ú. Ó gbà pé lọ́jọ́ tí ayé bá mọ̀ pé ojú òun ti lọ, òun ò tún jẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́, kò sí ọdẹ, kò sí oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Mo bá a pa á mọ́. Àárọ̀ kùtùkùtù ni mo máa ń wọlé tọ̀ ọ́, tí mo máa ń kó òwú sí gbogbo ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ kí àwọn oníbàárà tó dé.

Démiládé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní London nígbà náà. Mi ò mọ ẹni tó ta á lólobó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń bọ̀ wálé gbé páálí kékeré kan dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá Elkanah tú u lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, a sì jọ dúró tì í bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun. Ó jẹ́ ọ̀pá dúdú kan, ó gùn tó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, dígí wà lórí méjèèjì, kókó kékeré méjì tó ṣeé yí wà láàárín, òrùka irin méjì sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Awò ni, irú èyí tí wọ́n ń gbé lé orí ìbọn.

Ẹ wá wo ọkùnrin yìí lọ́jọ́ tó ń de awò mọ́ ìbọn. Gbogbo ohun tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ lára ẹ̀rọ ìránṣọ ló kó wá síbẹ̀. Ó rẹ àkísà sínú spirit, ó fi nu ẹ̀yìn ìbọn níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sí. Ó nu inú òrùka náà, ó nu sukúrù níkọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé ṣé ìdọ̀tí wà níbẹ̀ ni.

"Òróró ni mò ń nù. Ibi tí irin bá ti ń rìn lórí irin là ń fún ní òróró. Ibi tí irin bá ti máa di irin mú, kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá."

Ó gbé awò lé e. Ó gbé ìbọn sí èjìká, ó ń ti awò náà síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn, títí òkùnkùn tó yí etí dígí ká fi lọ tán tí gbogbo rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Ó wá ní kí n fún òun ní òwú pupa gígùn kan. Ó so bọ́bìn, irin kékeré tí a ń ká òwú sí nínú ẹ̀rọ, mọ́ ìdí òwú náà, ó fi òkè rẹ̀ kọ́ sórí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó dúró dè é títí kò fi mì mọ́. Mo rò pé orí rẹ̀ ti fẹ́ dàrú.

"Kí nìyẹn náà?"

"Àgbélébùú kan wà nínú awò yìí, ìlà méjì tó dábùú ara wọn. Ó gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Tó bá tẹ̀ díẹ̀ báyìí, ọta máa yà bàrá tó bá jìnnà. Òwú tí nǹkan wúwo so mọ́ nídìí ò lè tẹ̀." Ó ń yí awò náà díẹ̀díẹ̀ nínú òrùka rẹ̀ títí ìlà inú rẹ̀ fi bá òwú pupa mu. Nígbà náà ló wá ń fún sukúrù, ó fún ti ọ̀tún díẹ̀, ó fún ti òsì díẹ̀, kò kánjú rárá. Iṣẹ́ mi wà nílẹ̀, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ní Sátidé, ó ní kí n kó àpò kan tí ẹ̀kù aṣọ, àwọn ègé tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ mi, kún inú rẹ̀ bá òun lọ sí Agbóyì. Ilé kan wà létí àbàtà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ dé ìdajì tí wọ́n sì pa tì. Ó lẹ bébà mọ́ ògiri rẹ̀, ó fi àmì dúdú sí àárín bébà náà, ó rìn jìnnà sẹ́yìn dáadáa, ó gbé àpò ẹ̀kù aṣọ mi lé orí búlọ́ọ̀kù, ó sì gbé ìbọn lé orí àpò náà. Kí ìbọn má baà mì ni. Ó yìn ín léraléra, a lọ wò ó. Kò sí ihò kankan ní àárín. Gbogbo wọn ṣù jọ ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún.

"Ó ti tàsé," mo ní. Mi ò mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

Bàbá Elkanah ń rẹ́rìn-ín. "Wò ó dáadáa. Ibì kan náà ni gbogbo wọn lọ. Ojú mi àti ọwọ́ mi ò jà. Awò ló kù tí a máa bá sọ̀rọ̀." Ó ṣí ìdérí kókó méjì náà, ó ń yí wọn, wọ́n sì ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń yí kókó tí a fi ń mú òwú ẹ̀rọ ìránṣọ le. Ó yìn ín, ó wò ó, ó tún yí i. Ihò ń gòkè, ó ń sún sí òsì, títí ó fi wọ inú dúdú. Nígbà tó yìn ín kẹ́yìn, mo rò pé ọta náà kò tilẹ̀ kan bébà. Nígbà tí a débẹ̀ ni mo rí i pé inú ihò ti tẹ́lẹ̀ ló tún gbà kọjá.

Ó jókòó sílẹ̀, ìbọn náà ṣófo, ó gbé e kọjú sí òdìkejì omi níbi tí àwọn ẹ̀gà ti ń kọ́ ilé sórí ọ̀pẹ. Mo wo ojú rẹ̀, omijé ń bọ́ nínú ọ̀kan tó ṣí sílẹ̀, kò sì nù ún.

"Ó ń fa ewé ya," ó ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹ̀gà kan ni. Folúkẹ́, mo rí ojú rẹ̀. Mo rí ojú ẹyẹ."

Ó ní kí èmi náà wò ó. Mo gbé ojú lé e, òkùnkùn ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ni nǹkan ṣí. Ọ̀pẹ tó wà lókèèrè yẹn wá bá mi níbi tí mo wà. Mo rí ẹyẹ náà tó di okùn ewé mẹ́nu, mo rí bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe ń mì. Mo rí èèrà tó ń gun ọ̀pá ọ̀pẹ. Obìnrin kan ń wa ọkọ̀ kọjá lórí omi, mo rí yẹtí tó wà ní etí rẹ̀, òun ò sì mọ̀ pé ẹnì kankan ń wo òun. Àgbélébùú tẹ́ẹ́rẹ́ náà wà lórí ohun gbogbo. Mo gbé ojú kúrò, ohun gbogbo sá padà lọ síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Mo tún gbé ojú lé e, wọ́n tún wá. Mi ò gbé e padà fún un títí ó fi ní ká máa lọ sí Kétu.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni a ti bá Fọláyẹmí tó ń dúró dè wá. Ẹ̀yìn wa gan-an ni ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé wà. Omi Odò Ògùn ti ya wọ Ajégúnlẹ̀ tó wà lẹ́yìn Mile 12 ní ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo ohun tó ń fàyà fà nínú àbàtà sì ń wá ilẹ̀ gbígbẹ. Ejò kan ti wọ inú ihò tó wà lára igi fúrúùtù, èyí tí àwọn kan ń pè ní almond, ní ẹ̀yìnkùlé wọn, lókè tí ọwọ́ ò tó. Abẹ́ igi yẹn ni kànga wọn wà. Ejò náà ti bu ajá wọn jẹ, ajá náà kò sì rí ọjọ́ kejì.

"Bàbá, ẹ gbà wá," Fọláyẹmí ní. Dárasími ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. "Inú ilé la ń tì í mọ́ láti àárọ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn! Wáyà NEPA ló wà láàárín ẹ̀ka igi yẹn, agégi ní òun ò lè fọwọ́ kàn án. Ọdẹ àdúgbò sì ní tí òun bá yin ìbọn ẹlẹ́tù níbẹ̀, àfi kí ọta fọ́n sínú ilé onílé."

Bàbá Elkanah lọ wò ó. Ṣèbé ni, ó dúdú, ó ń dán. Ní àárọ̀ tí oòrùn bá yọ, ó máa ń yọ orí síta láti yá a. Ó ní bí òun bá dúró sí bàkónì òkè ilé wọn, ògiri tí kò ní fèrèsé ló wà lẹ́yìn igi náà, ọta òun kò ní rí ẹni kàn. Orí ejò nìkan ni òun máa yìn. Ó fi Mọ́ńdè sí i. Bí ó ṣe ń sọ ọ́, mo rí i pé ó ti na èjìká, ó dà bí ẹni tó tún di ọ̀dọ́.

Ní Sunday, lẹ́yìn ìsìn, ó gbé ìbọn náà fún Jọkẹ́ láti fi wo òkè ilé tó wà lókèèrè. Obìnrin onígbàgbọ́ ni Jọkẹ́, kì í jáde láìgbàdúrà, kì í mu omi láìgbàdúrà. Ó gbé ojú lé dígí, ó sì pariwo.

"Jésù! Daddy, àgbélébùú ló wà nínú rẹ̀! Ẹ fi ìbọn yìí sílẹ̀ fún mi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà sí i."

Bàbá Elkanah fi í sílẹ̀ fún un. Ta ni kò ní fi í sílẹ̀?

Ọjọ́ Mọ́ńdè pé, gbogbo ilé tó yí wa ká ló wá síbẹ̀. Wọ́n kún ojú fèrèsé, wọ́n kún orí ògiri. Oòrùn yọ, ejò náà yọ orí jáde nínú ihò, ó gbé e sókè díẹ̀. Bàbá Elkanah kúnlẹ̀ sí bàkónì, ó gbé ìbọn lé orí àpò ẹ̀kù aṣọ mi. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ejò ti parí, mo ti rí ọwọ́ rẹ̀ ní Agbóyì.

Ó yìn ín. Èèpo igi fò, ó jìnnà sí ihò náà. Ejò kò tilẹ̀ mira. Ó ki òmíràn, ó yìn ín, èyí tún jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ, sí apá ibòmíràn. Ẹ̀kẹta ba garawa tó wà lẹ́bàá kànga, garawa náà dún gbàà, ejò fà padà sínú ihò. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù bá a rín in.

"Baba, ẹ fi sílẹ̀ jàre," ọ̀dọ́mọkùnrin kan kígbe láti orí ògiri. "Ojú ti lọ! Ẹ má lọ yìn wá o!"

Ọ̀rọ̀ tó ń sá fún láti ìgbà pípẹ́ nìyẹn, wọ́n ti wá pariwo rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Mo bú ọmọ náà, mo bú ìyá tó bí i, mo bú gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín, kò sì wúlò. Bàbá Elkanah dìde, ó di orúnkún mú, ó sọ̀ kalẹ̀ láìwo ẹnikẹ́ni. Ó bá Jọkẹ́ kọjá ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kò wo òun náà.

Kò ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kejì. Nígbà tó padà dé, ìbọn ni ó gbé dání. Ó ní òun fẹ́ tú awò náà kí òun lè dá a padà fún Démiládé, kó fún ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì dáa. Mo jókòó tì í nítorí mi ò fẹ́ kó dá wà. Ó fi irin yí sukúrù òrùka kìn-ín-ní. Ó dúró. Ó fọwọ́ kan awò náà, awò náà sì yọ̀ lọ sẹ́yìn lábẹ́ ìka rẹ̀, láìjẹ́ pé ó tíì tú òrùka kejì.

Ó gbé ìka náà sí imú. Ọkùnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ òórùn òróró ẹ̀rọ, kò sí bí ẹ ṣe lè tàn án jẹ lórí òróró.

"Èyí kì í ṣe òróró mi," ó ní. "Òróró ṣọ́ọ̀ṣì ni."

A jọ wo ara wa. Mo sáré lọ pe Jọkẹ́ nílé, mi ò tilẹ̀ ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tó dé, ó wo ìbọn, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Èmi ni, Daddy," ó ní. "Mo rí àgbélébùú nínú rẹ̀. Mo wá ní kí n ta òróró ìyàsímímọ́ sí ibi tí òun àti ìbọn ti di ọ̀kan, bí Pásítọ̀ ṣe máa ń ta á sí ọwọ́ ọkọ àti ìyàwó. Mi ò fi kan dígí o. Abẹ́ òrùka nìkan ni, kó lè wọ inú rẹ̀ dáadáa."

Ó wọ inú rẹ̀ dáadáa lóòótọ́. Gbogbo ìgbà tí ìbọn náà bá ta, awò á yọ̀ díẹ̀, ọta á sì lọ síbi tó bá wù ú. Mo ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀ sí Jọkẹ́, ọ̀rọ̀ tí mi ò ní lè kó jẹ. Bàbá Elkanah na ọwọ́ sí mi kí n dákẹ́. Ojú rẹ̀ ń tàn.

"Kì í ṣe ojú mi," ó ní. "Folúkẹ́, kì í ṣe ojú mi!" Ó tún sọ ọ́, ó ń fọwọ́ gbá itan bí ọmọdé.

Ó mú ìgò spirit. Jọkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀rù ń bà á gan-an. "Òróró tí wọ́n ti gbàdúrà sí nìyẹn, Daddy. Ta ní ń nù ún nù?"

Bàbá Elkanah gbé ìgò náà sílẹ̀. "Bí o bá ní kí n má nù ún, mi ò ní nù ún," ó ní. "Màá kàn dá a padà fún Démiládé. Mi ò ní bá ọ jà lórí ohun tí o fi ìfẹ́ ṣe."

Jọkẹ́ gbàdúrà díẹ̀ sínú. Lẹ́yìn náà, ó mú ẹ̀kù aṣọ funfun kan nínú àpò mi, ó dúró kí ọkọ rẹ̀ tú òrùka kejì, ó gbé awò náà kúrò lórí ìbọn fúnra rẹ̀, ó rọra nu òróró náà títí ẹ̀kù aṣọ náà fi mu ún. Ó fi aṣọ náà pa ọkọ rẹ̀ níwájú orí, ó fi pa á lórí ìpéǹpéjú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. "Ibi tó yẹ kí n fi sí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí," ó ní. Ìgbà náà ló tó bu spirit sí aṣọ mìíràn, ó sì nu irin náà títí ó fi gbẹ. Mo yí ojú kúrò nítorí ó dà bíi pé mo wà ní ibi tí kò yẹ kí n wà.

Bàbá Elkanah tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ó so òwú pupa kọ́, ó mú àgbélébùú dúró ṣánṣán, ó fún sukúrù. A tún lọ sí Agbóyì, a tún lẹ bébà mọ́ ògiri. Jọkẹ́ ló gbé àpò ẹ̀kù aṣọ lọ́tẹ̀ yìí. A ò padà wálé títí ọta fi ń wọ inú ihò ara wọn.

Àárọ̀ tó pa ejò náà, kò pe ẹnikẹ́ni. Èmi, Jọkẹ́ àti Fọláyẹmí nìkan ló wà ní bàkónì. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan igi fúrúùtù náà. Ejò yọ orí, ó dúró, ahọ́n rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde. Láti ibi tí mo wà, orí náà kò tó àtàǹpàkò mi. Bàbá Elkanah gbé ojú lé dígí, mo sì mọ ohun tó ń rí, nítorí èmi náà ti rí irú rẹ̀: ohun tó wà lọ́hùn-ún ti wá bá a níbi tó wà. Ó mí sínú, ó mí jáde díẹ̀, ó dá mímí dúró.

Ó dún pá. Kò ju bí ìgbà tí èèyàn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ. Orí ejò náà wólẹ̀, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde nínú ihò, ó ń yọ, ó ń yọ, ó gùn débi pé Fọláyẹmí figbe ta, kó tó já wálẹ̀ gbìì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó, ihò kan ṣoṣo ló wà ní orí rẹ̀, láàárín ojú méjèèjì. Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù níbẹ̀. Mo ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí láti ọjọ́ yìí wá, mo ń bá a jà lórí ariwo ẹ̀rọ, mi ò mọ ẹni tí mò ń bá gbé.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti kún fọ́fọ́. Ọmọ tó kígbe láti orí ògiri náà wà níbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ń kí i, "Ọ̀gá ọdẹ! Ojú idì!" Mo rò pé ó máa jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Àǹfààní tó ń wá nìyẹn, kò sí ẹni tó tún máa sọ̀rọ̀ nípa ojú rẹ̀ mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ oníbàárà kan wà lórí tábìlì tó ti tún ṣe tán. Ó mú òwú, ó mú abẹ́rẹ́, ó gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Folúkẹ́, ojú mi ò gbé e mọ́. Bá mi kó òwú sí i."

Mo dìde, ṣùgbọ́n Jọkẹ́ ti na ọwọ́ ṣáájú mi.

"Mo ti mọ̀ tipẹ́," ó ní. "Ta lẹ rò pé ó sọ fún Démiládé?"

Jọkẹ́ gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tọ́ òwú lá, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó nà án jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́ ojú. Òwú náà gba ẹ̀gbẹ́ ihò kọjá. Ó tún gbìyànjú, ó tún gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Mo gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, mo kó òwú sí i.